Òkè Gausta ní Ìgbà Òtútù

Ní ìhà gúúsù ilẹ̀ Nọ́wè, ní agbègbè tí wọ́n ń pè ní Telemark, òkè kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Gausta. Gíga rẹ̀ jẹ́ 1,883 mítà. Èyí kò sọ ọ́ di òmìrán láàárín àwọn òkè ayé. Ní Nọ́wè gan-an, Galdhøpiggen tí í ṣe olórí òkè ibẹ̀ fi nǹkan bí 600 mítà ga jù ú lọ. Ní ìgbà ooru, tọmọdé tàgbà a máa fi ẹsẹ̀ gùn ún láti ibì kan tí ń jẹ́ Stavsro, nítorí láti ibẹ̀ dé ṣóńṣó rẹ̀ kò ju nǹkan bí 700 mítà ní gíga lọ. Àwọn ará àdúgbò náà a máa fi yangàn pé bí ojú ọjọ́ bá mọ́ kedere, ẹni tí ó bá dúró lórí rẹ̀ yóò fi ojú kan ìdá kan nínú ìdá mẹ́fà gbogbo ilẹ̀ Nọ́wè.

Ṣùgbọ́n nígbà tí òtútù bá dé, òkè tí ọmọdé ń gùn yìí a di òkè mìíràn. Òkè náà ní ìgbà òtútù, àti àwọn tí ń fi síkì gùn ún, ni ẹ̀kọ́ wa yìí dá lé lórí.

Kí a tó gbéra, ó yẹ kí a mọ ohun tí wọ́n ń rìn lórí rẹ̀. Nígbà tí àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá dé ibi tí ìwé náà ti sọ̀rọ̀ nípa omi tí í dì ní òfurufú, tí í sì í bọ́ sílẹ̀ ní funfun, wọ́n pè é ní òjò dídì. Wọ́n sì fi orúkọ yìnyín sílẹ̀ fún èyí tí ó le bí òkúta, tí gbogbo wa ti ṣà jẹ rí nígbà òjò. Ọgbọ́n ni wọ́n ṣe. Òjò dídì kò le bí yìnyín. Ó fúyẹ́, ó sì rọ̀; afẹ́fẹ́ a máa gbé e káàkiri bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Bí ó bá rọ̀ mọ́jú, ẹsẹ̀ ènìyàn a rì sínú rẹ̀ dé orúnkún, nígbà mìíràn dé itan, ìrìn kìlómítà kan a sì di iṣẹ́ àárọ̀ títí di ọ̀sán. Ìdí nìyí tí àwọn ará àríwá ayé fi ronú kan síkì láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn.

Síkì jẹ́ pákó méjì, gígùn, tẹ́ẹ́rẹ́, tí orí wọn tẹ̀ sókè, tí a ń dè mọ́ bàtà. Nínú èdè àtijọ́ tí èdè Nọ́wè ti ṣẹ̀ wá, igi lílà ni ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí. Lónìí wọ́n ti ń fi irin àti ike kún igi náà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ kò yí padà: ìwúwo ẹni tí ó wọ̀ ọ́ a pín káàkiri gbogbo gígùn pákó náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì ní í rì.

Ẹnìkan lè béèrè pé, bí síkì bá ń yọ̀ lọ sí ìsàlẹ̀, báwo ni a ṣe lè fi gun òkè? Ìdáhùn ìbéèrè yìí dùn mọ́ mi púpọ̀. Fi ọwọ́ pa ewúrẹ́ lára láti orí lọ sí ìrù: ọwọ́ rẹ yóò yọ̀ geere. Nísinsìnyí, pa á láti ìrù padà sí orí: irun náà yóò ta ko ọwọ́ rẹ. Ohun tí àwọn ará àríwá fi ṣe ọgbọ́n nìyẹn. Wọ́n mú awọ ẹran inú òkun kan tí ń jẹ́ séèlì, wọ́n fi sí abẹ́ síkì, wọ́n sì jẹ́ kí irun rẹ̀ dojú kọ ẹ̀yìn. Bí a bá ti síkì sí iwájú, irun a sùn sílẹ̀. Bí síkì bá fẹ́ yọ̀ padà, irun a dìde, a sì di òjò dídì mú. Ní òde òní, irun irú ewúrẹ́ kan tàbí náílọ́nù ni wọ́n ń lò dípò séèlì, síbẹ̀ awọ náà ni wọ́n ń pè é. Iwájú bàtà nìkan ni a ń dè nígbà tí a bá ń gòkè, kí gìgísẹ̀ lè máa gbéra bí ti ẹni tí ń rìn. Bí wọ́n bá dé òkè, wọn a ṣí awọ kúrò, wọn a ká a sínú àpò, wọn a kọjú sí ìsàlẹ̀, ọ̀nà tí wọ́n fi wákàtí mẹ́ta gùn yóò sì tán láàárín ìdajì wákàtí.

Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ bí a bá pe Telemark ní ilé síkì òde òní. Ní abúlé Morgedal, ní ọdún 1825, ni a bí Sondre Norheim, tálákà tí kò ní oko tirẹ̀, ṣùgbọ́n tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní ẹlẹ́gbẹ́ lórí òjò dídì. Ní ayé ìgbà náà, iwájú ẹsẹ̀ nìkan ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi awọ dè mọ́ síkì, bí wọ́n bá sì fò, síkì a bọ́. Norheim lọ́ ẹ̀ka igi tẹ́ẹ́rẹ́ pọ̀ bí okùn, ó sì fi yí gìgísẹ̀ ká. Láti ìgbà náà ó lè fò, ó lè yí bírí, síkì kò sì kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ní ọdún 1868, nígbà tí ó ti di ẹni ọdún 42, ó lọ sí ìdíje ní olú-ìlú, Christiania, tí a ń pè ní Oslo lónìí, ó sì borí àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀. Ní ọdún 1884 ó kó lọ sí Amẹ́ríkà, níbẹ̀ ni ó sì kú sí ní ọdún 1897. Ọ̀rọ̀ slalom tí a ń gbọ́ nínú eré ìdárayá, inú ẹ̀ka-èdè Telemark ni ó ti wá: sla ni gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, låm ni ipa tí a tọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ẹsẹ̀ òkè wa. Ní ìhà àríwá Gausta, ìlú Rjukan wà nínú àfonífojì jíjìn kan. Òkè dí oòrùn mọ́ ìlú náà tó bẹ́ẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kì í kàn án láti ìparí oṣù Kẹsàn-án títí di oṣù Kẹta, àfi ìgbà tí ó di ọdún 2013 tí wọ́n gbé dígí ńlá mẹ́ta kọ́ sí ara òkè, tí ó ń da oòrùn sí àárín ọjà ìlú. Nínú ìlú tí kò mọ oòrùn yìí ni a bí Claus Helberg ní ọdún 1919.

Nígbà tí àwọn ọmọ-ogun Jámánì gba Nọ́wè ní ọdún 1940, ilé-iṣẹ́ kan wà ní Vemork, lẹ́bàá Rjukan, tí ó ń ṣe omi wúwo, èyí tí àwọn ará Jámánì ń fẹ́ fún ìwádìí wọn lórí agbára átọ́mù. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1942, Helberg àti àwọn mẹ́ta mìíràn fi agbòòrùn ológun já bọ́ láti inú ọkọ̀ òfurufú sórí pẹ̀tẹ́lẹ̀ Hardanger, ilẹ̀ gíga tí kò ní igi, tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ ń gé ni bí ọ̀bẹ. Oṣù mélòó kan ni wọ́n fi dúró níbẹ̀. Ebi pa wọ́n títí wọ́n fi ń jẹ ewédò ara òkúta, kí Ọlọ́run tó fi àgbọ̀nrín ilẹ̀ òtútù ṣe oúnjẹ fún wọn. Ní òru tí ó so ọjọ́ 27 pọ̀ mọ́ ọjọ́ 28 oṣù Kejì ọdún 1943, àwọn mẹ́sàn-án sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Vemork, wọ́n fọ́ ẹ̀rọ omi wúwo náà, gbogbo wọn sì bọ́ láàyè. Márùn-ún nínú wọn fi síkì rin ìrìn tí ó ju 300 kìlómítà lọ dé Súwídìn. Helberg kò lọ ní tirẹ̀. Ní oṣù tí ó tẹ̀lé e, sọ́jà Jámánì kan fi síkì lé e fún ìgbà pípẹ́ lórí pẹ̀tẹ́lẹ̀ náà, ìbọn ń dún, Helberg sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Mo sọ ìtàn yìí nítorí ohun tí ó ṣe lẹ́yìn ogun. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fi bá ẹgbẹ́ àwọn arìnrìn-àjò orí òkè ní Nọ́wè ṣiṣẹ́, ẹgbẹ́ tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1868, ní ọdún kan náà tí Norheim borí ní Christiania. Ó ń fi ọ̀nà han àwọn ènìyàn lórí òkè. Ní àkókò Àjíǹde ọdún 1967, tí ọ̀pọ̀ ará Nọ́wè máa ń lọ sí orí òkè fún ìsinmi, ènìyàn 18 kú síbẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ẹgbẹ́ yìí àti ẹgbẹ́ Alágbèélébùú Pupa tẹnu mọ́ òfin òkè fún gbogbo orílẹ̀-èdè, òfin mẹ́sàn-án, tí ọmọ ilé-ìwé níbẹ̀ ń kọ́. A máa ń ka Helberg mọ́ àwọn tí ó wà ní ìdí òfin wọ̀nyí. Òfin kẹjọ ni ó lókìkí jù. Ó ní kí ènìyàn yí padà ní àsìkò, nítorí pé kò sí ìtìjú nínú pípadà.

Bí ó bá jẹ́ pé ojo ni ó sọ bẹ́ẹ̀, tani ìbá gbọ́? Ṣùgbọ́n ẹni tí ìbọn lé lórí síkì kò lè jẹ́ ojo.

Kí ni ó wà lórí òkè tí ó fi yẹ kí akin padà? Ohun méjì ni, ojú kì í sì í tètè rí wọn. Èkíní ni afẹ́fẹ́. Bí a bá gun 1,000 mítà, afẹ́fẹ́ a máa tutù sí i ní nǹkan bí ìwọ̀n 6 tàbí 7 Sẹ́líṣíọ́sì. Èyí ṣeé fara dà. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ìwọ̀n 10 nísàlẹ̀ òdo, tí ìjì sì ń fẹ́ ní mítà 15 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, bí ìwọ̀n 22 nísàlẹ̀ òdo ni yóò rí lára. Ìka a kú tipiri. Imú a funfun láìjẹ́ pé ẹni tí ó ni ín mọ̀, ẹnìkejì rẹ̀ ni yóò bá a rí i. Bí kùrukùru bá wá bò ó, tí ilẹ̀ funfun tí òfurufú náà funfun, ènìyàn kì yóò mọ òkè yàtọ̀ sí ìsàlẹ̀ mọ́. Ẹni tí ó rò pé òun dúró jẹ́ẹ́ lè máa yọ̀ lọ.

Èkejì ni ohun tí èmi yóò pè ní ìyalulẹ̀. Òjò dídì kì í rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ti ọ̀sẹ̀ yìí a gun orí ti ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, bí ẹní tí a tẹ́ léra wọn. Bí òru mélòó kan bá mọ́ láìsí ìkùukùu, tí òtútù rẹ̀ mú gan-an, ojú òjò dídì tí ó wà nílẹ̀ a yí padà, a di hóró hóró bí iyọ̀, hóró wọ̀nyí kì í sì í lẹ̀ mọ́ra. Lẹ́yìn náà ìjì a gbé òjò dídì tuntun wá, a kó o jọ sí ẹ̀yìn òkè níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti ráyè, a sì tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi le bí pákó. Pákó wá dùbúlẹ̀ lórí iyọ̀. Ó lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀, ojú rẹ̀ funfun, ó mọ́ lóló, ó ń pe olósíkì. Ìwúwo ènìyàn kan ṣoṣo tó láti fọ́ iyọ̀ tí ó wà lábẹ́. Nígbà náà pákó a ya lókè, gbogbo gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ a sì gbéra lẹ́ẹ̀kan.

Bí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kò bá dà tó digírì 30 (ògiri tí ó dúró ṣánṣán jẹ́ 90), ó ṣọ̀wọ́n kí ó tó ya. Nítorí náà ni àwọn ọlọ́gbọ́n fi ń wọn òkè lórí àwòrán-ilẹ̀ kí wọ́n tó kúrò nílé. Síbẹ̀, ẹni tí ó wà ní ibi pẹrẹsẹ lábẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lè fọ́ iyọ̀ náà láti ibi tí ó dúró sí, kí ti òkè sì ya wá bá a. Ẹrù tí ń bọ̀ kò fúyẹ́ bí òwú mọ́: mítà kan níbùú, lóòró àti lóòró-ìsàlẹ̀ lè tó 300 kìlógírámù. Bí a bá hú ẹni tí ó bò mọ́lẹ̀ jáde láàárín ìṣẹ́jú 10, mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ni í yè. Bí ó bá pé ìdajì wákàtí, bóyá ni mẹ́ta nínú mẹ́wàá yóò yè. Ìrànlọ́wọ́ láti ìlú kò lè dé ní ìṣẹ́jú 10. Ẹni tí a jọ lọ nìkan ni ó lè gba ni. Nítorí èyí, olúkúlùkù a máa gbé ẹ̀rọ kékeré kan sí àyà, tí ń ké sí ẹ̀rọ ẹlòmíràn lábẹ́ òjò dídì, pẹ̀lú ọ̀pá gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń gún ilẹ̀ wò, àti ṣọ́bìrì.

Láti ọdún 2013 ni ìjọba Nọ́wè ti ń gbé ìkìlọ̀ jáde lójoojúmọ́ ní ìgbà òtútù, tí ó ń pín ewu ìyalulẹ̀ sí ìpele márùn-ún. Ẹ lè rò pé ní ìpele karùn-ún ni ọ̀pọ̀ ń kú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ ìpele karùn-ún, gbogbo ènìyàn ni í jókòó sílé. Ìpele kẹta ni í pa ènìyàn, nítorí pé ní ọjọ́ náà ojú ọjọ́ lè dára, ewu sì dà bí èyí tí a lè ṣe ọgbọ́n fún. Àwọn tí ó sì ń kú kì í ṣe òpè. Òmùwẹ̀ ní í bódò lọ.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo àwọn mẹ́rin kan tí wọ́n ń gun Gausta ní àárọ̀ ọjọ́ kan ní oṣù Kẹta. Obìnrin ẹni àádọ́ta ọdún ni ó ṣíwájú wọn. Kí wọ́n tó gbéra, ó ti sọ fún wọn pé bí aago kan bá lù láìjẹ́ pé wọ́n dé ilé òkúta tí ó wà nítòsí ṣóńṣó òkè, wọn yóò padà. Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín, nítorí aago mẹ́jọ ni, oòrùn sì ń yọ.

Wọ́n gòkè ní kọ́lọkọ̀lọ, wọ́n ń lọ sọ́tùn-ún, wọ́n ń lọ sósì, bí ejò. Èémí wọn ń rú bí èéfín. Wákàtí kìíní dùn, èkejì dùn. Ní wákàtí kẹta ìkùukùu bẹ̀rẹ̀ sí í fà wá láti ìwọ̀-oòrùn, afẹ́fẹ́ sì ń gbé òjò dídì gba orí òkè kọjá bí ìyẹ̀fun. Àwọ̀ òfurufú yí padà. Nígbà tí wọ́n dé abẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan tí ó wà láàárín wọn àti ilé òkúta náà, nǹkan kan dún lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn: hùùm! ohùn kúkúrú, jíjìn, bí ẹni pé ilẹ̀ mí kanlẹ̀. Ilẹ̀ rẹlẹ̀ díẹ̀. Ìlà tín-ín-rín kan sì sáré kọjá níwájú síkì obìnrin náà.

Ó dúró. Aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Aago kan kò tí ì lù.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó kéyìn dé ọ̀dọ̀ wọn, ó ní, “Ilé náà ni mo ń wò yẹn. Kò ju ìdajì kìlómítà lọ mọ́. Bí a bá gba ibi yìí kọjá kíákíá, a dé nìyẹn.”

Obìnrin náà kò dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Ó na ọ̀pá rẹ̀ sókè sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ funfun tí ó kọ́ sí orí wọn, èyí tí ìjì ti tẹ̀ títí ó fi ń dán. Ó ní, “Ṣé o gbọ́ ohun tí ó dún?”

“Mo gbọ́ ọ.”

“Kí ni?”

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà dákẹ́. Ó mọ ohun tí ó jẹ́. Wọ́n ti kọ́ ọ. Iyọ̀ ni ó fọ́ lábẹ́ pákó. Bí wọ́n bá wà lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni, kì bá tí sí ẹni tí yóò béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹnìkan. Síbẹ̀ ó tún sọ pé, “Láti Oslo ni a ti wá.”

Ìṣòro ibẹ̀ nìyí, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi. Ọ̀nà tí a ti rìn a máa wúwo lórí ìwọ̀n ju ewu tí ó wà níwájú lọ. Ẹni tí ó fi wákàtí mẹ́rin gun òkè a máa rò pé òkè náà jẹ òun ní gbèsè. Òkè kò mọ gbèsè. Kò mọ Oslo, kò sì mọ ẹni tí ó gbọ́n.

Wọ́n kúrò lábẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà ní ẹnìkọ̀ọ̀kan, ọ̀kan ń lọ, àwọn tí ó kù ń wò ó, títí wọ́n fi dé orí ìtẹ́jú kan tí kò sí ohunkóhun lókè rẹ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ṣí awọ kúrò lábẹ́ síkì, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n. Wọ́n mu tíì gbígbóná láti inú fúláàsì, wọ́n jẹ ṣokoléètì, kò sì sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀ púpọ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lẹ́bàá ipa tí wọ́n bá gòkè. Òjò dídì ibẹ̀ rọ̀, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ rẹ̀ kò dà púpọ̀. Síkì ń dún ṣẹ̀ẹ̀ṣẹ̀ẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kúnlẹ̀ lórí ẹsẹ̀ kan bí ó ti ń yí, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Morgedal ti ń ṣe, ó ṣubú, ó dìde, irùngbọ̀n rẹ̀ kún fún òjò dídì, ó sì gbàgbé láti bínú.

Mo fẹ́ fi ohun kan kún un tí yóò pa yín lẹ́rìn-ín. Nínú Gausta, ọkọ̀ ojú irin kékeré kan wà. Ní àwọn ọdún 1950 ni àwọn ológun gbẹ́ ọ̀nà rẹ̀, nítorí ẹ̀rọ rédíò wọn tí ó wà lókè: ó wọ inú òkè lọ ní 850 mítà, lẹ́yìn náà ó gun 1,040 mítà lọ sókè nínú òkùnkùn. Lónìí, àlejò lè sanwó kí ó sì wọ̀ ọ́. Ẹni tí ó bá wọ bàtà ọ́fíìsì lè wà lókè ní ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ó sì máa wo àwọn tí ń bọ̀ pẹ̀lú òógùn lójú. Àwọn olósíkì kan a máa bínú sí i. Èmi kò rí ìdí ìbínú. Ẹni tí ó wọ ọkọ̀ dé òkè ti rí òkè, ẹni tí ó gùn ún sì ti rí nǹkan mìíràn.

Nígbà tí ó di aago mẹ́ta, àwọn mẹ́rin náà ti dé ìdí ọkọ̀ wọn, wọ́n ń so síkì mọ́ orí rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ti rọlẹ̀. Ìkùukùu ya sí méjì, Gausta sì yọ síta lódindi, funfun, pẹ̀lú ilé òkúta rẹ̀ bí èèrà lára ògiri. Òfurufú mọ́ lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni pé ohun kan kò ṣẹlẹ̀ rí. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wò ó títí, ó wo obìnrin náà, ó ní, “À bá ti débẹ̀.”

Obìnrin náà ń wá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ nínú àpò rẹ̀. Ó ní, “Bóyá.” Ó rí kọ́kọ́rọ́ náà, ó ṣí ilẹ̀kùn. “Ọjọ́ Sátidé tí ń bọ̀ ń kọ́? Ṣé àyè wà fún ọ?”